Ìṣẹ́jú Márùndínlọ́gọ́rin ti Brinley

Nígbà tí Shawna ti ibi iṣẹ́ òru dé láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn, ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún ló kù kí iye ti ọmọ rẹ̀ tó pé fún ọ̀sẹ̀ náà. Oleta, ìyá rẹ̀, ti kọ ọ́ sẹ́yìn àpò ìwé owó iná, ó sì ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì: mọ́kàndínlógún, kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù. Ọmọ náà, Brinley, ọmọ ọdún mẹ́rin, wà nílẹ̀ lábẹ́ tábìlì oúnjẹ, ó ń to ìdérí ìgò léra wọn. Tábúlẹ́ẹ̀tì tí ìjọba fún un wà lórí àga, ó ń dá sọ̀rọ̀. "Káàárọ̀, Brinley. Ṣé o ti ṣe tán láti kọ́ ọ̀rọ̀ tuntun?" Ohùn obìnrin ni, inú rẹ̀ sì dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Brinley kò gbójú sókè.

Bó ṣe rí nìyí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ti jẹ́lé-ó-sinmi ẹnu àfonífojì Tolliver pa, tábúlẹ́ẹ̀tì yìí ni olùkọ́. Áàpù kan wà nínú rẹ̀ tó ń kọ́ ọmọdé lọ́rọ̀: á gbé àwòrán jáde, á pe orúkọ rẹ̀, á ní kí ọmọ fọwọ́ kàn án, kí ó pè é tẹ̀lé òun. Ìṣẹ́jú márùndínlọ́gọ́rin lọ́sẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn á gba ẹ̀rọ náà padà, íńtánẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ tó bá a wọlé á sì bá a jáde. Ìjọba tó kó olùkọ́ lọ, tó gbé gíláàsì wá dípò, tó tún wá ń ka ìṣẹ́jú mọ́ ọmọ ọdún mẹ́rin lọ́wọ́, n ò mọ orúkọ tí mo lè pè é tí kò ní di èébú. Ẹ jẹ́ kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Màámi," ni Shawna wí. Ó bọ́ bàtà iṣẹ́ rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Òórùn ọṣẹ ilé àwọn arúgbó tó ti ń ṣiṣẹ́ ṣì wà lára rẹ̀. "Ṣé ó ti jẹun?"

"Ó mu mílíìkì. Ajá ló jẹ ẹyin rẹ̀."

Oleta ti wọ awò ojú, ó ti ń fi etí aṣọ nu ojú tábúlẹ́ẹ̀tì. Shawna rí i.

"Kí lẹ fẹ́ ṣe yẹn?"

"Ìṣẹ́jú rẹ̀ ni mo fẹ́ bá a parí. Kí ló dé?"

"Ẹ fi sílẹ̀ lónìí. Ẹ jọ̀ọ́. Aago méjì la máa wà níwájú Ìyáàfin Ratliff. Mo fẹ́ kí wọ́n rí ọmọ mi bó ṣe rí."

Ìyáàfin Ratliff ni obìnrin ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ tó ń pín àwọn ọmọ fún olùkọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Olùkọ́ náà, ẹyọ ẹnì kan ni fún gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ wa, òkè àti ìsàlẹ̀. Àyè ọmọ kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún náà, ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì yìí ni wọ́n sì máa pinnu bóyá Brinley ni yóò gbà á. Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ni Brinley ní: rárá, mu, ajá, tèmi, àti màmá, gbogbo obìnrin ló sì ń pè ní màmá. Tí kò bá rí àyè náà gbà, ọdún tó ń bọ̀ ni, nígbà tí yóò ti máa wọ kíláàsì láàárín àwọn ọmọ tí ẹnu wọn dá ṣáká. Ẹní bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Shawna kò fẹ́ nǹkan mìíràn láyé ní ọ̀sẹ̀ yẹn ju kí olùkọ́ náà mú ọmọ òun lọ.

"Wọ́n á rí i," ni Oleta wí. "Ìṣẹ́jú ò ní kí wọ́n má rí i." Ó ti tẹ àwòrán ewúrẹ́. Tábúlẹ́ẹ̀tì ní kí ó pe ewúrẹ́, ó pe ewúrẹ́, ó yí ohùn rẹ̀ padà díẹ̀ kí ó lè tín-ín-rín. "O káre, Brinley," ni ẹ̀rọ náà wí.

Kí n má parọ́, Oleta fẹ́ràn iṣẹ́ yìí. Brinley kì í jókòó tì í. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé e wá, ó gbá a sílẹ̀, ó lọ to ìgò. Oleta ló gbé e nílẹ̀, tó ní kí òun kàn bá a ṣe díẹ̀ kí wọ́n má bàa gbà á, díẹ̀ yẹn ló wá di oṣù mẹ́jọ. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi se oúnjẹ fún ilé ìwé kan, kò sẹ́ni tó sọ fún un níbẹ̀ pé ó káre. Ẹ̀rọ yìí á sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí kọfí tó tutù. Orúkọ Brinley ló fi ń yìn ín, ìyẹn kò sì dí i lọ́wọ́ rárá.

"Màámi, mo ní kẹ́ ẹ gbé e sílẹ̀."

Dewey dìde jókòó lórí àga gígùn tó ti ń sùn. Ẹ̀gbọ́n Shawna ni, ọdún kan péré ló fi jù ú lọ, nítorí náà wọn kì í bọ̀wọ̀ fún ara wọn. Ibi ìwakùsà ti ba ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́, ó sì kù díẹ̀ kí àga yẹn di apá kan ara rẹ̀.

"Fi Màámi sílẹ̀, Shawna. Tí iye yẹn ò bá pé kí aago méjìlá tó lù, wọ́n ti gé íńtánẹ́ẹ̀tì nìyẹn."

"Kí wọ́n gé e. O máa wá nǹkan mìíràn wò."

"Ṣé tèmi ni mò ń sọ ni? Ta ló máa wá ka ṣúgà Màámi? Ìwọ? Nígbà tí kò sí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́dún tó kọjá, kí ló ṣẹlẹ̀?"

Gbogbo ilé ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àtọ̀gbẹ ń bá Oleta jà, wọ́n ti kó ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá lọ, kí wọ́n sì tó rí ẹni gbé e lọ sí ìlú ńlá, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì ti dúdú. Wọ́n gé wọn. Ìgbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì ọmọ yìí dé ni nọ́ọ̀sì tó ń ti inú fóònù bá a sọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́.

"Ọ̀rọ̀ ò tíì dé ìyẹn," ni Oleta wí, kò gbójú kúrò lára ẹ̀rọ. "Ẹ má fi ẹsẹ̀ mi ṣe ìjà. Ó ku mẹ́rìnlá."

Brinley ti jáde lábẹ́ tábìlì. Ó lọ dúró síwájú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó fi orí kàn án, ó sì bú sígbe. Shawna ṣí ilẹ̀kùn fún un. Kì í ṣe ìyẹn. Ó gbé bàtà rẹ̀ wá, ó fi í hàn án. Kì í ṣe ìyẹn. Ó fún un lómi, ó fi ajá hàn án, ó gbé aṣọ òtútù, igbe náà ń ga sí i, ojú ọmọ ti pọ́n bí ata. Dewey ní bóyá eyín ni. Oleta ní bóyá ebi ni. Igbe yẹn ló wọnú ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ Oleta, àwòrán tó wà lójú rẹ̀ nígbà náà sì jẹ́ ti ọkọ̀ ojú irin.

"O káre, Brinley," ni ẹ̀rọ náà wí. "O pè é dáadáa."

Dewey rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá Oleta náà rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ẹnu. Shawna jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ títí igbe náà fi rẹ̀ ẹ́, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tí ọmọ náà fẹ́ títí di òní olónìí.

Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, Verna láti ilé iwájú, tí òun àti Harlan ọkọ rẹ̀ jọ ń tọ́ ọmọ ọmọ wọn, Colt, wọlé láìkanlẹ̀kùn, bó ṣe máa ń ṣe. Ó bá wọn lórí ẹ̀wà pupa tí Oleta ti gbé kaná láti àárọ̀ pẹ̀lú egungun ẹlẹ́dẹ̀. Oleta ti rún búrẹ́dì àgbàdo sínú mílíìkì kíkan fún Dewey. Verna bu tirẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n fi lọ̀ ọ́.

"Mo gbọ́ pé ẹ̀ ń lọ rí Ratliff lónìí," ló wí.

"Ta ló sọ fún ẹ?" ni Oleta bi í.

"Ta ni kò sọ fún mi? Oleta, iye tìẹ ti pé?"

"Ó ku mẹ́rin."

"Harlan ti parí ti Colt látàná. Ilé ìgbẹ́ ló ti ń ṣe é. Ẹ̀rọ yẹn ní Colt ti tó ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn. Colt yìí náà, tí kò mọ bàtà ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì." Ó rẹ́rìn-ín, ó jẹ ẹ̀wà, lẹ́yìn náà ó gbé ṣíbí sílẹ̀. "Shawna. Mi ò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ ilé yín."

"Ẹ ti dá sí i nìyẹn, Àǹtí Verna. Ẹ máa wí."

"Ní ojú ọ̀nà Ìsàlẹ̀ Odò, ilé kan ló lọ jẹ́wọ́. Ìyá ọmọ náà sunkún níwájú wọn, ó ní òun lòun ń bá a tẹ̀ ẹ́. Ilé mẹ́sàn-án ni wọ́n gé íńtánẹ́ẹ̀tì wọn lọ́jọ́ kejì. Mẹ́sàn-án. Wọ́n wá láti ilé dé ilé, wọ́n ní kí ọmọ jókòó tẹ̀ ẹ́ lójú àwọn. O mọ nǹkan tó wà láyà Harlan. Òru òru ni íńtánẹ́ẹ̀tì ń gbé ìró ọkàn ẹ̀ lọ fún dókítà. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè..." Kò parí rẹ̀.

"Ọmọ mi ò lè sọ̀rọ̀, Àǹtí Verna."

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Mo mọ̀. Á sọ̀rọ̀. Àbúrò ìyá mi, ọdún márùn-ún ló pé kó tó sọ̀rọ̀, ó wá di pásítọ̀."

Ìtàn àbúrò ìyá Verna yìí, gbogbo àfonífojì ló ti gbọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó bá a gbé e. Verna jẹ ẹ̀wà rẹ̀ tán, ó fọ abọ́ tirẹ̀, ó sì fi ọwọ́ kan Shawna léjìká kó tó lọ. Nígbà tí aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́fà, Oleta tẹ àwòrán tó kẹ́yìn. Ẹ̀rọ náà da ìràwọ̀ aláwọ̀ mèremère sí gbogbo ojú rẹ̀, ó ní Brinley ti gòkè sí ìpele tuntun. Oleta yọ awò ojú rẹ̀, ó fa ìwé kúrò lára fíríìjì, ó sì lọ wọ aṣọ ìjáde.

Ọ́fíìsì Ìyáàfin Ratliff wà nínú jẹ́lé-ó-sinmi àtijọ́ náà. Àwọn ìkọ́ tí àwọn ọmọdé ń fi àpò kọ́ ṣì wà lára ògiri, wọ́n rẹlẹ̀ dé ìbàdí àgbàlagbà. Obìnrin náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Iṣẹ́ ẹni mẹ́ta ló ń ṣe, ojú rẹ̀ sì fi hàn. Ó gbé abọ́ mindin-mindín sún mọ́ Brinley, Brinley kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n, pupa sọ́tọ̀, àwọ̀ ewé sọ́tọ̀.

"Ẹ kú àbọ̀, Oleta. Kú àbọ̀, Shawna." Ó yí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí wọn díẹ̀. "Kí n sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ yìí ń rú mi lójú. Ìwọ kọ̀wé pé ọmọ yìí ò sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà níbí. Ó mọ ẹgbẹ̀rún kan ó lé ogóje ọ̀rọ̀. Ó ń ṣe iṣẹ́ ọmọ ọdún méje. Kò sí ọmọ tó tó o ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ yìí."

Oleta tẹjú mọ́ nọ́ńbà náà. Ó ka á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ṣé ẹ ò ní ẹni tó lè yẹ̀ ẹ́ wò?" ni Shawna bi í. "Ẹni tó máa bá a sọ̀rọ̀, tó máa gbọ́ ọ."

"Ẹni yẹn ti lọ. Wọn ò fi ẹlòmíràn rọ́pò ẹ̀. Àkọsílẹ̀ inú ẹ̀rọ ni ìdánwò báyìí." Ìyáàfin Ratliff bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Brinley, kí lorúkọ ajá yín?"

Brinley gbé mindin-mindín pupa kan lé òmíràn.

"Ojú máa ń ti àwọn ọmọ mìíràn," ni Ìyáàfin Ratliff wí, ó sì tún jókòó. "Ìbéèrè kan wà tí mo gbọ́dọ̀ bi yín. Ìlànà ni. Ṣé ọmọ yìí fúnra ẹ̀ ló ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí? Ẹ tẹ́tí sí mi dáadáa. Tó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ń bá a ṣe é, mo lè pa gbogbo àkọsílẹ̀ yìí rẹ́ nísinsìnyí, kí n kọ orúkọ ẹ̀ sí àyè tó kù yẹn. Ọjọ́ Ajé ló máa bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n á gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ yín, wọ́n á gé íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á sì lọ yẹ gbogbo ilé ojú ọ̀nà yín wò. Ìyẹn ò sí lọ́wọ́ mi."

Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbàlagbà mẹ́ta ló wà nínú yàrá yẹn lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì mọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ojú ti Oleta débi pé etí rẹ̀ gbóná. Oṣù mẹ́jọ tí ẹ̀rọ ti ń yìn ín wá di nọ́ńbà kan lójú rẹ̀, nọ́ńbà náà sì jókòó lé ọmọ ọmọ rẹ̀ lórí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí tábìlì mú.

"Ìyáàfin Ratliff," ló wí, "ẹ jẹ́ kí n sọ..."

"Òun ni," ni Shawna wí.

Ìyáàfin Ratliff wò ó.

"Òun fúnra ẹ̀ ló ń ṣe é. Ojú ló máa ń tì í tó bá rí àlejò."

Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà. Ìyáàfin Ratliff dúró díẹ̀, bóyá ó rò pé ọ̀rọ̀ mìíràn á tẹ̀lé e. Nígbà tí kò rí i, ó fa fọ́ọ̀mù kan yọ, ó fi ibi tí yóò fọwọ́ sí han Shawna. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ọmọ náà kò nílò olùkọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, àti pé ìyá rẹ̀ fara mọ́ ọn. Shawna fọwọ́ sí i. Ó ní kí Brinley dìde, Brinley ní "tèmi," wọ́n sì jẹ́ kí ó kó mindin-mindín náà lọ.

Nínú mọ́tò, wọ́n kọjá ilé epo, wọ́n kọjá ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kọjá afárá. Ìgbà náà ni Oleta tó sọ̀rọ̀.

"Èmi ò bẹ̀ ọ́ pé kó o ṣe bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Mo ti la ẹnu. Ǹ bá ti sọ ọ́."

"Ìka ẹsẹ̀ mélòó ló kù fún yín, Màámi?"

Oleta wo ìta. "Mẹ́jọ," ló wí.

Shawna kò bínú sí ìyá rẹ̀, ó sì wá inú ara rẹ̀ bóyá ó ń bínú sí ara rẹ̀, kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ó kàn ń rántí pé òun ò tíì sùn láti àná, àti pé aago mẹ́wàá alẹ́ lòun tún máa padà síbi iṣẹ́. Brinley wà lẹ́yìn, ó ń kó mindin-mindín láti ọwọ́ kan sí èkejì.

Wọn kò tíì bọ́ aṣọ ìjáde tán tí ọ̀rọ̀ fi ti yí àfonífojì ká. Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́, àfi bí Dewey bá ti dìde lórí àga rẹ̀ fúngbà díẹ̀. Aago márùn-ún kò tíì lù nígbà tí Verna dé, ó gbé àwo gbígbóná kan tí wọ́n fi bébà fàdákà dé, adìyẹ àti ìrẹsì ló wà nínú rẹ̀. Kò wọlé. Ó nà án sí Shawna lẹ́nu ọ̀nà.

"A ò ní gbàgbé ẹ," ló wí, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ kíá.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni obìnrin tó ń gbé ilé òkè gbé ọ̀dùnkún tí wọ́n fi wàràkàṣì yan wá. Ọkùnrin kan tí wọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ bá sọ̀rọ̀ gbé àkàrà òyìnbó eléso péárì wá, ó ní ìyàwó òun ló ní kí òun gbé e wá. Gbogbo wọn ló fi àwo dáadáa gbé e, àwo tí wọ́n ti lẹ orúkọ onílé mọ́ ìdí rẹ̀ kí ó lè rí ọ̀nà padà sílé. Lọ́dọ̀ tiwa, irú àwo bẹ́ẹ̀ kì í jáde àyàfi tí òkú bá kú.

Oleta jókòó ti tábìlì, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe tò lọ. Ó gbé ìdí ọ̀kan sókè, ó ka orúkọ abẹ́ rẹ̀, ó sì rọra gbé e kalẹ̀.

"Ta ló kú?" ló bèèrè.

Dewey ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Shawna bu adìyẹ àti ìrẹsì sí abọ́ mẹ́rin. Ó gbé ọ̀kan fún Dewey, ó tẹ̀ ba, ó gbé kékeré náà sílẹ̀ fún Brinley lábẹ́ tábìlì. Ó gbé ọ̀kan síwájú ìyá rẹ̀, ó fi ṣíbí sí i.

"Ẹ jẹun, Màámi," ló wí. "Aago mẹ́fà ni nọ́ọ̀sì máa pè yín."

Oleta mú ṣíbí náà.